Igi Dóńgóyárò Mọ́kànlá

Màmá wa àgbà kì í ra abọ́ kankan láìkọ́kọ́ kàn án. Á gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, á fi oríkèé ìka ọ̀tún gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á wá tẹ́tí sí i bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún. Bí ó bá dún gooro, ó rà á nìyẹn. Bí ó bá dún pàkì, wọn ì báà fi wúrà yí i létí ká, yóò rọra dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi ta abọ́ tánńganran ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọjà Ọwọ̀dé níbí ní Ọ̀fà, mi ò sì rí oníbàárà kan kó dá abọ́ padà wá bá a pé ó sán. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló máa ń gbọ́ nínú abọ́. Ó ní, "Abọ́ tó bá dákẹ́ nígbà tí a kàn án, ó ti sán nínú, bó ti wù kójú ẹ̀ dán tó."

Ó pé ogójì ọjọ́ lánàá tí a sin ín. Àwọn ààfáà ti ṣe àdúà, wọ́n ti jẹun, wọ́n ti lọ. Èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù sí ẹ̀yìnkùlé lórí àga rẹ̀, inú sì ń bí mi díẹ̀. Àdúà tí wọ́n ṣe dára, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń júwe níbẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n rí. Wọ́n ní onísùúrù ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kì í tètè dùn ún. Màmá wa! Ẹni tó gun ọ̀kadà lé bọ́ọ̀sì láti Ìjàgbo wọ Ọ̀fà, kì í ṣe pé ó gbàgbé ẹrù sínú ọkọ̀ o, awakọ̀ ló sọ̀rọ̀ kan sí i kó tó ṣíná, kò sì ráyè fèsì. Ó bá a ní garéèjì, ó fèsì tán, ó wá kí i pé ó kú iṣẹ́, ó sì yíjú sílé.

Nítorí náà mo ní kí n kọ èyí fún àwọn ọmọ mi, kí wọ́n lè mọ ẹni tó lọ. Alhaja Sàlámátù lorúkọ rẹ̀. Ìyá Gánà ni àwọn ará àdúgbò ń pè é, torí pé Kúmásí ló gbé ṣe ìyàwó, níbẹ̀ ló ti kọ́ òwò abọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n wà títí ìjọba ibẹ̀ fi ní kí gbogbo àlejò máa lọ sílé wọn.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, bí wọ́n ṣe máa ń kì wá, Màmá sì gbà pé ẹnu náà ṣe é fi jà. Ó bá ìyá onílé kejì jà nítorí omi ìdọ̀tí tó ń gba iwájú ilé wa kọjá. Ó bá ọ̀gá iléèwé mi jà. Ó bá ààfáà àdúgbò jà nígbà tó ṣe wáàsí pẹ́ títí tí ìrẹsì ìkómọ fi tutù. Ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ ní òpin kan tí kò yẹ̀ rí. Bí ó ti wù kó le tó, kò gbọdọ̀ rí ìrun Alásàárì ọjọ́ kẹta. Nígbà tí ìjà òun àti ìyá onílé kejì wọ ọjọ́ kẹta, mo rí i tó ń wo oòrùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fà mí lọ́wọ́, ó di ilé wọn.

"Mo wá parí ìjà wa," ló wí. "Ìwọ lo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ti forí jì ẹ́."

"Èmi ni mo jẹ̀bi? Ìyá Gánà, èmi?"

Ìjà tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Wọ́n jà á títí ẹ̀rín fi pa àwọn méjèèjì, wọ́n sì jọ yan alùwàlá. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo ní kí ló dé tí kò jẹ́ kó di ọ̀la kí inú ìyá náà ti rọ̀. Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìjà tó bá rí Alásàárì ọjọ́ kẹta, ẹnìkan á gbé e dé sàréè."

Mo rò pé ó ń fi wáàsí dẹ́rù bà mí ni. Ọmọdé ni mí.

Bí ó ṣe ń kan abọ́ náà ló ń kan èèyàn. Bí ó bá bi ọ́ ní nǹkan tí o kò dáhùn, oríkèé ìka á bà ọ́ lórí, kò ní dùn ọ́, ṣùgbọ́n wàá gbọ́ ọ. "Dáhùn," ni yóò wí. "Bú mi bó o bá fẹ́ bú mi, ṣáà dáhùn." Ohun tí kò lè fara dà ni kí èèyàn dákẹ́ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yan odì sí i lẹ́ẹ̀kan nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò jẹ́ kó gùn, ní ọ̀sán ọjọ́ kejì Màmá ti kẹ̀kẹ́ náà lọ bá a ní iléèwé fúnra rẹ̀. A fi ṣẹ̀sín títí. Àwa rò pé ìkẹ́ ló ń kẹ́ ọmọ bà jẹ́.

Abọ́ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, aláwọ̀ ewé, tó ní òdòdó funfun lára. Kò ní ìdérí. A kì í fi jẹun, a kì í sì í tà á. Nígbà tí mo wà ní bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àlejò dé, abọ́ kò tó, mo bá bu ìrẹsì sínú rẹ̀. Màmá wọlé, ó rí i. Mo ti ń dá orí sí ẹ̀gbẹ́ kan de oríkèé ìka. Kò nà mí. Ó rọra gbé abọ́ náà, ó da ìrẹsì inú rẹ̀ sórí tíréè, ó fọ̀ ọ́, ó fi ìborùn rẹ̀ nù ún gbẹ.

"Abọ́ yìí ní ẹni tó ni ín," ló wí.

"Ta ló ni ín, Màmá?"

"Ìyá bàbá ẹ."

"Ṣebí ẹ̀yin ni ìyá bàbá mi?"

Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní, "Bàbá ẹ ní méjì."

Òun kò fi ìyẹn pa mọ́. Dádì mi mọ̀ láti kékeré pé Ráfátù, ìyàwó kejì bàbá rẹ̀, ló bí òun ní Kúmásí, àti pé kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn ìkómọ tó fi kú. Màmá ní ọmọ lọ́wọ́ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n Dádì obìnrin. Ó fi ọmú kan fún tirẹ̀, ó fi ìkejì fún ọmọ orogún. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni yóò mú Dádì jókòó kó ṣe àdúà fún ìyá rẹ̀, òun náà á sì máa ṣe àmín, títí Dádì fi ní irun funfun. Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni bí òun àti Ráfátù ṣe wà sí ara wọn kó tó kú.

Ìyẹn la ò mọ̀ títí di nǹkan bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tó pa irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọn. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìjàgbo, òun á lo bí ọjọ́ mẹ́fà. Ní ọjọ́ kejì, Dádì lọ kí wọn. Ìyá Ìjàgbo ní, "Sàlámátù wo? Wàláì, mi ò fojú kàn án láti ọdún iléyá." Fóònù Màmá kò lọ. Dádì pè mí ní Ìlọrin níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, pé kí n máa bọ̀. Mo dé, mo yẹ inú yàrá wò. Ó kó gbogbo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ. Mo sọ fún Dádì pé ẹni tó ń lọ Ìjàgbo kì í kó oògùn oṣù kan dání, kí wọ́n fọkàn balẹ̀, Màmá mọ ibi tó ń lọ. Èmi tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta ni nọ́ńbà àjèjì kan pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, Kúmásí ni mo wà. Ara mi le. Sọ fún bàbá ẹ kó má pariwo." Ó ti gé e.

Ìyá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin! Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Èjìgbò, ó bá àwọn tó ń lọ Àbíjáǹ wọ bọ́ọ̀sì wọn, ó bọ́ọ́lẹ̀ ní Àkúrá, olú ìlú Gánà, ó tún wọ ọkọ̀ mìíràn. Ó padà dé ní ọjọ́ kẹfà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, ó wẹ̀, ó kírun, ó pe èmi àti Dádì jókòó. Ó tú àpò ọwọ́ rẹ̀. Ó mú ìdérí abọ́ kan jáde, aláwọ̀ ewé, òdòdó funfun lára. Ó gbé abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù wá, ó fi dé e. Ó bá ara mu rẹ́gí. Inú àpótí rẹ̀ níbí ló fi ìdérí náà pa mọ́ sí fún gbogbo ọdún yẹn.

Ó wá sọ ọ́ fún wa. Ọkọ wọn ló ra abọ́ náà fún un. Ráfátù yá a fún ìkómọ Dádì, nígbà tó sì dá a padà, Màmá kò rí ìdérí rẹ̀. Ó ní Ráfátù ti fọ́ ọ, ó sì ti gbẹ́lẹ̀ bo àfọ́kù rẹ̀. Ráfátù ní òun kò fọ́ ọ. Màmá bá yan odì. Láàárọ̀, ìyálọ́mọ tuntun yìí á kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, ìyálé mi." Màmá á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí èèyàn. Ọjọ́ kìíní bẹ́ẹ̀, ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ohùn Ráfátù ti lọ sílẹ̀, ibà ló ń ṣe é, Màmá rò pé ó ń díbọ́n àìsàn kí wọ́n lè bá a bẹ òun ni. Kò dáhùn. Nígbà tí wọ́n máa kírun Alásàárì, ó ti kú.

Obìnrin kì í tẹ̀ lé òkú dé ibi ìsìnkú lọ́dọ̀ àwa Mùsùlùmí. Ọkọ wọn padà dé, ó ní ìdí igi dóńgóyárò làwọn sin ín sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni àṣẹ dé pé kí àwọn àlejò kó jáde. Bí Màmá ṣe ń palẹ̀ ẹrù mọ́, ó ṣí ìkòkò ẹlùbọ́ tó wà ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìdérí aláwọ̀ ewé náà ló wà lórí rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi dé e kó tó yá Ráfátù ní abọ́ náà, kí eku má baà wọ̀ ọ́, ó sì gbàgbé.

"Mo lọ Mẹ́kà," ló wí. "Mo tọrọ àforíjì níbẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ààfáà wa níbẹ̀ ní Ọlọ́run ń forí ẹ̀ṣẹ̀ tó wà láàárín èèyàn àti Òun jì. Ó ní èyí tó wà láàárín èèyàn sí èèyàn, àfi kéèyàn lọ bá ẹni tó ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti sùn re. Mo ń dàgbà sí i. Bí mo bá kú, ojú wo ni n ó fi wo Ráfátù?"

Dádì ní, "Kí ló dé tẹ́ ò mú mi dání? Ìyá mi ló wà níbẹ̀."

"Ìwọ kò ṣẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Ó dé ibi ìsìnkú náà ní òwúrọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ló ń tọ́jú ibẹ̀, Haúsá ni wọ́n jọ sọ. Bàbá náà ní kó máa wọlé. Màmá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Igi dóńgóyárò kọ́ ló ń wò, oko dóńgóyárò ni. Èyí tó wà níbẹ̀ nígbà náà ti bímọ, ọmọ rẹ̀ náà ti bímọ. Kò sí òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí, ilẹ̀ sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó bi bàbá náà pé èwo ló dàgbà jù nínú wọn. Bàbá náà ní òun náà bá wọn níbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn mọ́kànlá kan wà tó ti ga láti ìgbà tí òun ti ń jẹ́ ọmọdé.

"Kí lẹ wá ṣe, Màmá?" mo bi í.

"Kí lo rò pé mo máa ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí àkọ́kọ́."

Ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, ó sálámà, ó kúnlẹ̀, ìyálé kúnlẹ̀ fún ìyàwó, ó mú ìdérí náà jáde, ó fi oríkèé ìka kàn án kó dún. Ó ní, "Ráfátù, òun rèé. Ìwọ kọ́ lo fọ́ ọ. Èmi ni mo gbàgbé. O kí mi, mi ò dáhùn. Mo ń dáhùn báyìí: káàárọ̀ o, ìyàwó mi. Ọmọ ẹ ti dàgbà, ó ti lọ́mọ. Forí jì mí." Á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, á bọ́ sí èkejì. Bàbá olùtọ́jú ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú búúta omi. Ní ìdí ìkarùn-ún, ó ní nǹkan kan rọ̀ ní àyà òun, ó sì ṣe òun bí ẹni pé ibẹ̀ ni. Síbẹ̀ ó ṣe mẹ́fà tó kù. Mo ní kí ló dé, nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀. Ó ní, "Ọkàn mi ti tàn mí jẹ rí."

"Àwọn tó kù tí ẹ bẹ̀ ńkọ́, tí kì í ṣe òun?"

"Èyí tí mi ò ṣẹ̀ nínú wọn, kó bá mi jẹ́ iṣẹ́ náà fún un. Wọ́n jọ wà níbẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ sunkún, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n Màmá kò tíì parí. Ó yíjú sí Dádì, ó sì ń gbìyànjú láti fi ẹsẹ̀ wíwú náà kúnlẹ̀. Èmi àti Dádì sáré dì í mú lápá méjèèjì. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá! Ẹ fẹ́ ba ayé mi jẹ́ ni?" A mú un jókòó padà. Dádì wá wo ilẹ̀, kò sọ nǹkan kan mọ́. Mo rí i tí ẹ̀rù ń ba Màmá, mi ò rí ìyẹn rí. Ó na ọwọ́, ó fi oríkèé ìka kan orí pípá ọmọ rẹ̀.

"Àjàní, dáhùn. Má dákẹ́ sí mi."

Dádì gbójú sókè. Ó ní, "Màmá, ọmú ta ni mo mu?"

Màmá ṣí ìdérí abọ́ náà, ó ní kí n lọ bu ìrẹsì sí i wá.

Láti ọjọ́ náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi abọ́ aláwọ̀ ewé náà jẹun, ìrẹsì, iyán, ohun tó bá ṣáà wà. Nígbà tí ààfáà àdúgbò gbọ́ ìròyìn Kúmásí, ó wá ṣe àlàyé fún un pé Mùsùlùmí kì í kúnlẹ̀ fún sàréè. Màmá ní, "Mi ò kúnlẹ̀ fún sàréè. Ẹnìkan ni mo kúnlẹ̀ fún." Wọ́n jà á fún ọjọ́ méjì.

Ó ku ìjà kan tí mo gbọ́dọ̀ sọ, torí èmi ni mo bá a jà á. Ní ọjọ́ Túsìdeè kan, oògùn rẹ̀ kò mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ mọ́, mo sọ fún un lórí fóònù pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ìlọrin. Ó ní ta ni yóò máa ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo bínú. Ìbínú àwa nọ́ọ̀sì kò dára, a ti rí púpọ̀ jù. Mo ní, "Ẹ máa ṣe bó ṣe wù yín. Bó bá wá ṣẹlẹ̀, ẹ má pè mí." Mo gé fóònù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà burú bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀fà ni èmi náà. Mo ní yóò kọ́kọ́ pè ná.

Ní Wẹ́sìdeè, lẹ́yìn Alásàárì, mo jókòó sí yàrá ìsinmi wa ní ọsibítù, fóònù dún.

"Àbẹ̀kẹ́."

"Màmá."

"Ọjọ́ mélòó rèé?"

"Ọjọ́ kejì ni."

"O rí i pé o ń kà á. Èmi náà ń kà á. Mi ò fẹ́ kó di mẹ́ta. Ìwọ lo jẹ̀bi, ṣùgbọ́n mo ti forí jì ẹ́."

Ẹ̀rín gbé mi, omi sì bọ́ lójú mi. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Dúró ná." Mo gbọ́ gooro nínú fóònù. "O gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ, Màmá."

"Kan tìẹ náà kí n gbọ́."

Kọ́ọ̀bù tíì mi ló wà níwájú mi. Mo kàn án. Ó dún pàkì.

"Kí nìyẹn?"

"Ike ni, Màmá."

"Ike! Kì í sán, kì í dún. Bó o bá wálé, wá mú abọ́ gidi kan lọ."

Ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, Dádì bá a lórí ẹní ìkírun, ó ti kú. A sin ín kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn ọkùnrin ló gbé e lọ; èmi tí mo sáré dé láti Ìlọrin dúró sílé bí àwọn obìnrin ṣe ń dúró. Mo wọ yàrá rẹ̀, mo gbé abọ́ aláwọ̀ ewé náà lé ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí títí wọ́n fi pe ìrun Alásàárì ọjọ́ náà, ọjọ́ kẹta ìjà èmi àti òun. Mo fi oríkèé ìka kàn án, ó dún. A ti parí ìjà wa láti ọjọ́ kejì; èmi kò ní igi kankan tí n ó lọ kúnlẹ̀ sí ìdí rẹ̀.